Eku Tí Mo Ní Ó Ń Tiro

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi kí n tó rí ọ̀kadà tó gbé e. Mo dúró létí títì ní Savalou, lódìkejì ààlà Nàìjíríà, mo ń jẹ iṣu sísun, ohùn náà sì ń bọ̀ láti ọ̀nà ọjà: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹnì kan wà nílé yín tó ń jẹun ju ẹni tó ni oko lọ." Obìnrin tó ń sun iṣu rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ òun ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe oníròyìn rédíò nílùú wa lápá Òkè Ògùn, níbi tí ọmọ kékeré ti mọ ohùn mi. Níbí, oògùn eku ni mo ń fi ohùn náà tà.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ibí. Ohun tó lé mi kúrò nílé ni kí n sọ.

Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń ṣe ètò kan tí mo fi ń fi àwọn olóṣèlú ṣe ẹ̀fẹ̀. Alága kan wà láàárín wọn tó ṣí kànga ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, ọkọ̀ omi á ti wá rọ omi sínú táǹkì rẹ̀ kí àlejò tó dé. Bí àwọn àlejò bá ti lọ tán, omi náà á bá wọn lọ. Mo wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Mo bá ẹni tó ń wa ọkọ̀ omi náà sọ̀rọ̀, ó sì sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi gan-an ni orísun omi yẹn." Mo gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn lásán kì í pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nítorí náà, mo sín ohùn Alága jẹ, mo sì sín ìrìn rẹ̀ náà jẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì kúrú ju tọ̀tún lọ. Mo fi ìka lu tábìlì, kọ̀, kọ̀ọ̀kọ̀, kọ̀, kọ̀ọ̀kọ̀, mo ní ìdí nìyẹn tí omi ò fi délé, pé ẹni tó ń pọn ọ́n bọ̀ ń tiro, ó ti dà á sílẹ̀ lọ́nà. Ìlú fi ọ̀sẹ̀ méjì rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Àdúgbò rẹ̀ ni kànga náà wà, ó sì ń gbé korobá lọ sódò ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó ní, "Ti omi yẹn, gbogbo wa lo bá sọ ọ́. Ti ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, ta lo bá sọ ọ́? A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án ka ìka rẹ̀." Mo sọ fún un pé àwàdà ni, kó má jẹ́ kó dùn ún.

Ẹnì kan gé apá ibi tí mo ti ń lu tábìlì, ó fi sórí ayélujára, ó sì tàn káàkiri. Ọlọ́pàá wá sílé iṣẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, ilé ìyá mi ni wọ́n lọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò dárúkọ omi rárá. Ó ní mo fi àbùkù ara ọmọlàkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kúrò nílùú.

Mi ò tíì lo oṣù méjì níbí nígbà tí Múfú, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé, pè mí pé ètò tuntun ti wà ní wákàtí mi. Ọ̀rọ̀ Tútù ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Alága ló ń sanwó rẹ̀. Wọ́n ń rọ gbogbo ará ìlú pé kí wọ́n fi èébú sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Mo ní kó fi fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò kí n gbọ́. Ohun tó bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ wọn dára.

Bantè ni mo ń gbé, lọ́dọ̀ Àfáà Ràfíù, télọ̀ tó tún ń ṣáájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ó fún mi ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti rò pé ibí ò ní ṣòro fún mi láti gbé, nítorí mo gbọ́ pé èdè wọn bá tiwa tan. Ìṣà ni wọ́n ń sọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ láti yàrá kejì: o mọ ohùn wọn, o mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni o ò gbọ́. Fún ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi ń jẹun, ìyà nìyẹn.

Bí Ìṣà bá sì kúrò lẹ́nu wọn, Faransé ló kù. Àfáà mú mi lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí ìwé ìgbélùú. Akọ̀wé béèrè nǹkan, mi ò gbọ́ ọ, Àfáà bá mi dáhùn. Nígbà tí a jáde, mo béèrè ohun tó sọ. Ó ní, "Ó béèrè iṣẹ́ rẹ. Mo ní télọ̀ ni ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di télọ̀ tí kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìwé náà kò sì tíì jáde títí di òní. Láìsí i, mi ò lè rìn jìnnà sí Bantè àti Savalou. Ilé ò jìnnà; nínú ṣọ́ọ̀bù Àfáà, mo ń gbọ́ rédíò Nàìjíríà kedere, mo ń gbọ́ pé òjò rọ̀ ní ibi tí mi ò lè wọ̀.

Àfáà ló mú mi mọ Ìyá Fídẹ̀lì. Ọmọ ẹ̀yà Mahi ni, Savalou ló ń gbé, aláṣọ funfun ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, òwò ló sì fi kọ́ Yorùbá. Oògùn eku ló ń tà. Ó ní ọlọ́kadà méjì, àwọn tí wọ́n ń pè ní sémì níbí, tí wọ́n ń gbé gbohùngbohùn kiri abúlé. Ohùn Mahi àti ti Faransé ló wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ ohùn tí àwọn ará ọ̀nà Bantè máa gbọ́.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni a ti gbà á sílẹ̀. Àfáà kó aṣọ àwọn oníbàárà yí mi ká kí ariwo títì má baà wọlé, mo sì jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n dì sínú ẹrù. Nígbà tí Ìyá Fídẹ̀lì gbọ́ ọ, kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mùsíyé, ó dára, ṣùgbọ́n ìwàásù ni. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín kì í dúró, ẹni tí kò dúró kì í rà."

Mo padà sáàárín aṣọ. Mo sọ eku náà di ẹni ńlá. Mo ní inú ilé ìkẹ́rù ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ń gbé, ó wọ agbádá, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Mo wá ní kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń rìn bọ̀, mo sì lu orí ẹ̀rọ ìránṣọ: kọ̀, kọ̀ọ̀kọ̀, kọ̀, kọ̀ọ̀kọ̀. Mi ò ronú sí i. Ọwọ́ mi ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá Fídẹ̀lì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ìdí aṣọ rẹ̀ mú.

Oògùn tà. Àwọn ènìyàn ń dá ọlọ́kadà dúró kó tún un fi sí i. Bí mo bá ń kọjá ní Bantè, mo ń gbọ́ tí àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù ń sín eku mi jẹ, inú mi sì ń dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan, mo pa ìlú kan lẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àsìkò yẹn náà ni ìyá mi sọ ti ojú rẹ̀ fún mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi pa mọ́. Dókítà ní àìsàn ojú yẹn kì í padà lẹ́yìn, pé oògùn kàn lè dá a dúró díẹ̀ ni. Mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe ń ríran sí. Ó ní, "Bí ẹni ń yọjú wo òde láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ihò náà sì ń kéré sí i. Wá kí n wo ojú rẹ kó tó dí."

Mo pe Múfú. Mo bi í léèrè ohun tí Alága ń fẹ́ kó tó lè fa ẹjọ́ náà kúrò. Ó lọ bá wọn, ó sì padà pè mí. Wọ́n fẹ́ kí n gba ohùn mi sílẹ̀ fún ètò Ọ̀rọ̀ Tútù. Kí n tọrọ àforíjì, kí n ní àwọn ọ̀tá ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀, kí n sì ní omi wà nínú kànga náà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà mí. Ohùn tó ń ta oògùn eku lè ta omi tí kò sí náà. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo sì ń retí pé kó bá mi pinnu.

Ó ní, "Bí o bá ní omi wà, kí ni n ó fi bọ́ ojú tí mo fẹ́ fi wò ọ́?"

Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n n kò ní kí o má wá o."

Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ká ní ó kọ̀ ni, màá dúró. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, màá lọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta tí ohùn mi ti ń yí abúlé ká, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà padà sí Bantè láìsí gbohùngbohùn. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Bobè. Wọn ò lù ú, wọn ò bú u. Wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní kí ẹni tó ni ohùn wá gbà á.

Àfáà bi ọlọ́kadà náà léèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi yé wa. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkajú wà ní abúlé náà, wọ́n ní ilé ìkẹ́rù, olórí wọn ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Pírésídáà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ń tiro. Láti ọjọ́ tí eku mi ti dé abúlé náà, àwọn ọmọdé ń lu agolo tẹ̀ lé e lẹ́yìn: kọ̀, kọ̀ọ̀kọ̀. Àwọn àgbà tí inú wọn ò dùn sí bó ṣe ń darí ẹgbẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun.

Mo lọ. Àfáà tẹ̀ lé mi kó lè máa túmọ̀. A bá wọn níwájú ilé ìkẹ́rù náà, Pírésídáà fúnra rẹ̀ àti bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olórí ìdílé wọn. Gbohùngbohùn Ìyá Fídẹ̀lì wà lórí ẹní, wọ́n fi aṣọ bò ó bí ọmọ tó sùn.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì gbèjà ara mi bí oníròyìn. Mo ní mi ò mọ ọkùnrin yìí rí. Mo ní mi ò dé abúlé yìí rí, mi ò mọ̀ pé wọ́n ní ilé ìkẹ́rù, eku ni mo ń sọ. Àfáà túmọ̀ rẹ̀. Bàbá arúgbó náà rọra ń fi Ìṣà dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń fún aláìsàn lóògùn, kí n lè gbọ́ ọ fúnra mi.

"Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bú u, wọ́n jọ ní nǹkan láti sọ. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lo mọ̀."

Pírésídáà dìde. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù náà gbayawu. Òórùn kajú gbígbẹ jáde sí wa. Ó ní, "Wọ́n ní mo ń jẹ ohun ẹgbẹ́. Ilẹ̀kùn nìyí. Ìwọ náà wọlé, kí o wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè, kó béèrè, iṣẹ́ mi ni kí n dáhùn." Ó fọwọ́ kan itan rẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí tí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ tó sọ ọ́ di báyìí. Ilẹ̀kùn wo ni kí n ṣí fún wọn?"

Kì í ṣe òun nìkan ni mo ń rí níwájú mi. Ọ̀rọ̀ ìyá mi lórí oníka mẹ́sàn-án ti gbọ̀nà Bobè wá bá mi.

Mo bẹ̀bẹ̀. Bàbá arúgbó ní ẹ̀bẹ̀ inú ilé kò tó. Níbẹ̀, bí ènìyàn bá bú ẹnì kan láàárín ọjà, kì í lọ bẹ̀ ẹ́ nínú yàrá. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ bá gbà jáde ni kó gbà padà wọlé. Kí n gun ọ̀kadà, kí n tọ gbogbo abúlé tí ohùn mi dé, kí n fi ẹnu ara mi tún un sọ. Pírésídáà fi òfin tirẹ̀ kún un: mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ òun, mi ò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹsẹ̀ òun, ẹ̀bẹ̀ ni o, àforíjì ni o.

Mo bi Àfáà léèrè pé kí ni mo wá fẹ́ sọ. Ó ronú sí i. Ó ní, "Eku ló kù. Òun ni kí o tún ṣe."

Báyìí ni mo ṣe jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà fún ọjọ́ méjì, abúlé méje, tí mo ń kéde ìrìn eku. Mo ní, "Ẹ̀yin ará wa, eku tí mo ní ó ń tiro, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń rìn déédéé. Olè lásán ni, kò sí ohun tó ṣe é lẹ́sẹ̀." Àwọn ènìyàn jáde síta, wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi bí ẹni gbọ́ ìkéde ìjọba. Ní abúlé kẹta, ìyá àgbà kan gbé ọwọ́ sí etí.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá san?"

"Ó ti san, Ìyá."

"A dúpẹ́," ó ní, ó sì padà sídìí gààrí rẹ̀.

Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń fi ènìyàn ṣe ẹ̀fẹ̀, mi ò tíì ta irú ẹ̀fẹ̀ yìí rí, ara mi nìkan ni mo sì fi ṣe é. Abúlé Pírésídáà ni mo fi kádìí rẹ̀. Ó dúró níwájú ilé ìkẹ́rù, ó gbọ́ ọ dópin, ó gbé gbohùngbohùn tí wọ́n gbà lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ra oògùn náà. Ó ní ó ṣe tán, eku wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Lójú ọ̀nà Bantè, mo ní ojú tì mí, pé mo ti di yẹ̀yẹ́ ní ìlú tí kì í ṣe tèmi. Àfáà ní mi ò gbọ́n. "Àlejò ni wọ́n ń lé. Ẹni tí wọ́n bá ní kó wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n ti kà á mọ́ra."

Nígbà tí a dé, mo ní kó tún kó aṣọ yí mi ká. Mo kọ́kọ́ gba ohùn eku tuntun sílẹ̀ fún Ìyá Fídẹ̀lì, èyí tó ń rìn déédéé. Ó tún pa á lẹ́rìn-ín, nítorí mo ní ìrìn gidi ló fi ń lọ sídìí ìkòkò ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, mo gba ohùn kejì, ti Alága. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́, mo ṣẹ gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní ṣe é mọ́, wọ́n lè gbé e sáfẹ́fẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ti omi, mo ní ìbéèrè mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí. Mo fi ránṣẹ́ sí Múfú. Ọkàn mi fúyẹ́. Mo rò pé ilé ti ṣí.

Ọjọ́ kẹrin ni Múfú tó pè. Ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ti ẹsẹ̀ yẹn, kò sí wàhálà. Alága tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní o lè máa fi ẹsẹ̀ òun ṣeré bó ṣe wù ọ́. Omi ni kí o bá òun yọ kúrò níbẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí.

Ọkùnrin kan lẹ́bàá Bobè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi, ó ní kí n wò ó, kí n sáà fi ẹsẹ̀ òun sílẹ̀. Ọkùnrin kan nílé fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kí n sáà bá òun ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì ló ní kí n sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Mo ti gba ti ọ̀kan. Mi ò lè gba ti ìkejì. Nítorí èyí ni mo ṣe ṣì wà níbí.

Ihò kọ́kọ́rọ́ ìyá mi dí lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta. Kò sunkún lórí fóònù. Ó kàn ní kí n má wulẹ̀ kánjú mọ́.

Nǹkan tí mi ò mọ̀ ni pé ọkùnrin tó ń kó oògùn eku wá fún Ìyá Fídẹ̀lì láti Nàìjíríà ti da ohùn mi sínú mẹ́mórì tirẹ̀. Ó rí i pé ó ń tajà, Yorùbá sì ni, ó bá ń gbé e lọ sí ọjà àwọn ìlú apá ọ̀dọ̀ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ìyá mi ni. Ariwo ọjà pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ aláta lòun ń lọ tí òun gbọ́ mi lókèèrè, òun ní kí aládùúgbò tó ń fa òun lọ́wọ́ mú òun tọ ohùn náà lọ. Ó ní ọlọ́jà ti fún òun ní àpótí jókòó sí. Ó ní òun ti ra oògùn náà, eku ò sì sí nílé.

"Ó ní ó ń rìn déédéé báyìí," ó wí.

"Ó ń rìn déédéé, Ìyá mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ara mi tí mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa. Mo fẹ́ béèrè bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ ọjọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ó dá mi dúró.

Ó ní, "Dákẹ́ ná. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀."